Mo fi báńkì sílẹ̀, mo wọ oko kájú: ta ni yóò sanwó PhD mi lókè òkun?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, okun o. Ọmọ Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ ni mí, ẹni ọdún 39, ìyá ọmọ méjì. Accounting ni mo kà, second class lower ni mo sì gbà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ báńkì ní Lọ́kọ́ja àti Àbújá, ní ẹ̀ka ẹ̀yáwó. Ní 2019 mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo padà wálé, mo sì ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kájú tọ́jú ìwé owó wọn. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi ka másítà nínú ọrọ̀-ajé iṣẹ́ àgbẹ̀, mo parí rẹ̀ ní 2023. Mo fẹ́ ka PhD lókè òkun, ṣùgbọ́n n kò lówó. Ejẹ́ǹtì kan ti gba ₦450,000 lọ́wọ́ mi pé òun á bá mi wá sikọ́láṣíìpù, n kò sì tíì rí nǹkan kan. Ṣé ọjọ́ orí mi kò ti pọ̀ jù? Ṣé wọn ò ní sọ pé mò ń fò kiri láti ẹ̀ka kan sí òmíràn? Ta ni yóò sanwó?"

Okun o, àbúrò mi. Mo gé lẹ́tà rẹ kúrú kí àyè lè gbà á, ṣùgbọ́n apá tí mo gé kúrò gan-an ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. O ní lọ́dọọdún, láti oṣù Kejìlá wọ oṣù Kìíní, nígbà tí òdòdó kájú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, oníṣòwò á ti gbé owó dé. Á ra èso tí kò tíì so, lórí igi, ní iye tí kò tó ìdajì ohun tí wọn yóò máa rà á tó bá di oṣù Kẹta. Àgbẹ̀ á gbà á, torí owó ilé-ìwé ọmọ kò lè dúró de oṣù Kẹta. O wá fi gbólóhùn kan kún un, bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀: pé nígbà tí o wà ní báńkì, irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ a máa gbé fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó wá sórí tábìlì rẹ, wàá rí i pé wọn kò ní ohun tí wọ́n lè fi dúró, wàá sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Gbólóhùn yẹn ni PhD rẹ. Ìyókù, títí kan ọ̀rọ̀ owó, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń tọ̀.

Bí a ṣe mọ sikọ́láṣíìpù nílé ni bọ́sárì. A gba fọ́ọ̀mù, a ya fọ́tò, a kó ìwé-ẹ̀rí sínú fáìlì, a wá ń retí ọjọ́ tí wọn yóò lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri. Ti másítà ṣì fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Chevening tí gbogbo ayé ń dárúkọ, másítà ọlọ́dún kan ni, kò kan PhD rárá. Bí ejẹ́ǹtì rẹ bá sọ pé Chevening lòun ń bá ọ wá fún PhD, o ti mọ ibi tí owó rẹ wọlẹ̀ sí. Owó PhD yàtọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe owó tí ẹnì kan kó kalẹ̀ pé kí ẹni tí kò ní wá gbà. Owó iṣẹ́ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti kọ àbá, ìjọba tàbí àjọ kan ti fún un lówó pé kó wádìí nǹkan kan, ó sì ń wá ẹni tí yóò bá a ṣe é fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Tàbí kẹ̀, yunifásítì kan ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní, wọ́n á sì jẹ́ kó ka PhD rẹ̀ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń béèrè pé ta ni yóò sanwó fún òun, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé. Ìbéèrè tó wà lójú ọ̀nà ni pé: ta ló ń wá ohun tí mo ti mọ̀?

Ó ṣe mí rí ni mo fi ń sọ ọ́. Kẹ́místrì ni mo fi ọdún mẹ́jọ kọ́ àwọn ọmọ ní Kábà kí n tó yà sí ọ̀rọ̀ bí oúnjẹ ṣe ń bàjẹ́ lẹ́yìn ìkórè. Odindi ọdún mẹ́ta ni mo fi ń kún fọ́ọ̀mù sikọ́láṣíìpù, tí wọ́n ń kọ̀wé ìkẹ́dùn sí mi bí ẹni pé mo ṣòfò. Ohun tó bọ́ sí i fún mi nígbẹ̀yìn, ní Netherlands, kì í ṣe sikọ́láṣíìpù. Ìpolówó iṣẹ́ ni: a ń wá ẹnì kan fún ọdún mẹ́rin, owó oṣù rẹ̀ nìyí, ìsinmi rẹ̀ nìyí. Mo kọ́kọ́ rò pé jìbìtì ni. Ẹni ọdún 41 ni mí nígbà náà. Obìnrin tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò kò béèrè ọjọ́ orí mi. Ó béèrè bí àwọn ìyá wa ṣe ń mọ̀ pé èlùbọ́ ti gbẹ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní hu. Mo ní wọ́n á ṣẹ́ ẹ, wọ́n á fetí sí bó ṣe dún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti di tèmi.

Nítorí náà, ibẹ̀ ni kí ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní Netherlands, Sweden, Norway àti Denmark, òṣìṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń ka akẹ́kọ̀ọ́ PhD sí: ó ń gba owó oṣù, ó ń san owó orí, kì í san owó ilé-ìwé. Ọdún mẹ́rin ni ní Netherlands àti Sweden, mẹ́ta ni ní Denmark. Ní Norway, ó lè jẹ́ mẹ́ta, ó sì lè jẹ́ mẹ́rin bí wọ́n bá fi iṣẹ́ olùkọ́ kún un. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ irú ipò bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ ìpele owó oṣù tí wọ́n ń pè ní E13, ṣùgbọ́n la ojú rẹ ka ìpolówó náà, torí ìdajì owó tàbí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni wọ́n sábà ń san, odindi ọjọ́ lo sì máa fi ṣiṣẹ́. Nígbà tí o bá wọ ojú ewé yunifásítì kan, má lọ sí ibi tí wọ́n kọ "scholarships" sí nìkan. Ibi tí wọ́n kọ "vacancies" sí ni iṣẹ́ wọ̀nyí máa ń wà, kò sì ní àsìkò kan pàtó: ó lè jáde lónìí, kí wọ́n tì í ní oṣù tó ń bọ̀.

Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà ní ètò kan, Marie Skłodowska-Curie Doctoral Networks, tí kò bìkítà nípa orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti wá, tí kò sì ní gbèdéke ọjọ́ orí. Òfin tó ní ni pé ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà kò gbọdọ̀ ti ní PhD, kò sì gbọdọ̀ ti gbé ní orílẹ̀-èdè tó ń lọ ju oṣù 12 lọ nínú oṣù 36 tó ṣáájú. Ẹni tó ti wà ní Gbẹ̀dẹ̀ láti 2019, kí ló kù tó fẹ́ dí i lọ́wọ́?

Wageningen, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Netherlands, ní irú èyí tí wọ́n ń pè ní sandwich PhD. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ lo oṣù díẹ̀ níbẹ̀, á padà sílé lọ kó ìwádìí rẹ̀ jọ, á wá padà lọ parí ìwé kíkọ. Fún ìyá ọlọ́mọ méjì tí oko ìwádìí rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé o gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò gbé owó rẹ̀, yálà iṣẹ́ ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni tàbí sikọ́láṣíìpù. Kì í bá owó oṣù wá bí ti àwọn ìyókù.

Sikọ́láṣíìpù gan-an wá ńkọ́? Ọ̀kan wà tó jọ pé ìwọ ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń dá a sílẹ̀. Ti DAAD ni, àjọ Jámánì tó ń pín sikọ́láṣíìpù, ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní EPOS. Wọ́n fẹ́ kí ènìyàn ti ṣiṣẹ́, ó kéré tán, ọdún méjì. Ìwọ ti ju mẹ́wàá lọ. Wọ́n sì fẹ́ kí oyè tó gbà kẹ́yìn má ti lé ní ọdún mẹ́fà. Àbúrò mi, ibí ni másítà rẹ ti gbà ọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ oyè Accounting ni wọn yóò kà, ilẹ̀kùn ti tì tipẹ́. Ṣùgbọ́n 2023 ni wọn yóò kà. Ọjọ́ ń lọ lórí rẹ̀ o. Má ṣe jẹ́ kí 2028 bá ọ lórí ohun tí o ń rò lónìí. Inú ìwé EPOS ni wàá ti rí àwọn ètò tí wọ́n fọwọ́ sí, kí o wò ó bóyá lára wọn ni ti ZEF, ilé ìwádìí ìdàgbàsókè tó wà ní yunifásítì Bonn, níbi tí onímọ̀ ọrọ̀-ajé, onímọ̀ àwùjọ àti onímọ̀ àyíká ti ń jọ ṣiṣẹ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń lọ kó ìwádìí jọ nílẹ̀ òkèèrè. Banker tó mọ oko kájú kì í ṣe àjèjì níbẹ̀.

Nílé níbí, PTDF, àjọ ìjọba lórí ìmọ̀ iṣẹ́ epo, ń rán ènìyàn lọ ka PhD, àmọ́ ẹ̀kọ́ tó bá epo àti gáàsì tan ni. TETFund, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ló wà fún. Ìwọ kò sí nínú àwọn méjèèjì, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ lórí wọn. Bí obìnrin kan tó ń ka sáyẹ́ǹsì tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ bá ń ka èyí, kó wo Faculty for the Future ti Schlumberger Foundation. Obìnrin láti irú orílẹ̀-èdè tiwa ni wọ́n ń wá.

Ọjọ́ orí. Ó ń bà ọ́ lẹ́rù ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ pé kò já mọ́ nǹkan níbi gbogbo. Sikọ́láṣíìpù ìjọba Japan, MEXT, fún àwọn oníwádìí, kò gba ẹni tó ti pé 35. Ti Turkey fún PhD náà, kò gba ẹni tó ti pé 35. Ti ìjọba China kò fẹ́ ẹni tó ti lé ní 40. Fa ìlà pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, China pàápàá, torí kí ìwé rẹ tó pé, ọjọ́ á ti lọ. Àwọn tí mo dárúkọ lókè kò bi ọ́ léèrè ọjọ́ ìbí.

Amẹ́ríkà ń fún ènìyàn lówó lọ́nà tirẹ̀. Ẹ̀ka yunifásítì fúnra rẹ̀ ló máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ PhD, á fagi lé owó ilé-ìwé rẹ̀, á máa fún un ní owó ìtọ́jú lóṣooṣù, òun náà á sì máa kọ́ àwọn tó ń ka dìgírì àkọ́kọ́ tàbí kó máa bá ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ìwádìí. Ó máa ń tó ọdún márùn-ún. Fọ́ọ̀mù sábà máa ń pa ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, ìdáhùn á máa wọlé láti oṣù Kejì. Òfin kan wà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ fọwọ́ sí: bí wọ́n bá fún ọ ní ipò tó ní owó nínú, wọn kò lè fi ipá mú ọ dáhùn kí ó tó di 15 oṣù Kẹrin. Mo ti rí ọmọ wa tó fi ìbẹ̀rù gba ipò àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ méjì, tí èyí tó dára jù wá dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Fọ́ọ̀mù wọn máa ń gba owó, ṣùgbọ́n bí o bá kọ̀wé sí ẹ̀ka náà pé agbára rẹ kò ká a, ọ̀pọ̀ nínú wọn á dárí rẹ̀ jì ọ́. Àwọn ènìyàn wa kì í béèrè, ojú ń tì wọ́n. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, láti 2025 ni òfin físà Amẹ́ríkà ti le sí i fún àwa ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀nà kan ò wọjà: fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ síbẹ̀ bí ó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ibẹ̀ nìkan.

Ti Ìlú Ọba gba kí a fi ẹ̀rọ ìṣirò jókòó ṣírò rẹ̀, ìwọ tó o ṣe báńkì sì lè ṣe é jù mí lọ. Láti 2021 ni UKRI, tó ń pín owó ìwádìí ìjọba wọn, ti gba àwọn ọmọ òkèèrè láàyè, ṣùgbọ́n kí wọ́n má lé ní ìdá 30 nínú 100 nínú àwọn tí ètò kọ̀ọ̀kan bá gbà. Owó ìtọ́jú wọn fún 2025/26 jẹ́ £20,780 lọ́dún. Ọ̀fìn tó wà níbẹ̀ nìyí: iye owó ilé-ìwé tí ọmọ ìlú ń san nìkan ni UKRI ń gbé. Ti ọmọ òkèèrè ga ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, yunifásítì ló sì lè pinnu bóyá òun á gbé ìyókù tàbí òun ò ní gbé e. Béèrè kí o tó kún ohunkóhun, kí ìdáhùn náà sì wà lákọsílẹ̀. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé láti oṣù Kìíní 2024 tí wọ́n ti fi òfin dí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti kó ẹbí wá, àwọn tó ń ṣe PhD ṣì lè kó tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n owó ìlera tí wọ́n ń gbà pẹ̀lú físà jẹ́ £776 lórí ẹnì kan fún ọdún kan, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń gbà á. Ìwọ, ọkọ rẹ, ọmọ méjì, ọdún mẹ́rin: £12,416, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó san owó físà. Ọ̀pọ̀ "full funding" tí wọ́n ń yọ̀ lé lórí kò mọ owó yìí rárá.

Jámánì ní tirẹ̀ náà. Ẹni tí kò ní owó oṣù tàbí sikọ́láṣíìpù gbọ́dọ̀ ti fi €11,904 pamọ́ sí àkáǹtì tí wọ́n tì pa, fún ọdún kan. Lẹ́tà DAAD tàbí ìwé àdéhùn iṣẹ́ ló ń gbà ọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Èyí ni mo fi ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń sọ pé àwọn á kọ́kọ́ lọ ná, owó á wá tó bá yá.

Ní ti second class lower, kí n má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó: ó máa pa àwọn ilẹ̀kùn kan dé. Gates Cambridge, Clarendon ti Oxford, àwọn wọ̀nyẹn fẹ́ ẹni tí ìwé rẹ̀ ń dán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Má fi agbára rẹ ṣòfò lórí wọn. Oṣù méjì tí o máa fi kọ ọ́, fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi software ṣe ìṣirò ìwádìí. Ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń wá ẹni tó mọ bí àgbẹ̀ ṣe ń yá owó, máàkì másítà rẹ ni yóò wò, á wo àkọlé ìwé tí o kọ parí másítà náà, á wá wo ìwọ fúnra rẹ. Bí o bá lè sọ ìwé másítà yẹn di àpilẹ̀kọ kan nínú jọ́nà gidi, pẹ̀lú olùkọ́ rẹ, ìyẹn á bo second class lower mọ́lẹ̀ ju àlàyé ojú ewé mẹ́ta lọ. Mo ní jọ́nà gidi. Èyí tó ń gbowó lọ́wọ́ ènìyàn láàárọ̀, tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde lálẹ́, wọ́n mọ̀ ọ́n lọ́hùn-ún.

Ó kan èyí tó ń dùn ọ́ jù, pé wọn á ní o ń fò kiri. Mo ka àlàyé ara ẹni tí o fi ránṣẹ́. O bẹ̀rẹ̀ pé láti kékeré ni o ti nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Bàbá ta ló nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti kékeré? Gbogbo wa là ń sá fún oko nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni o fi ìpínrọ̀ kan tọrọ àforíjì fún ọdún mẹ́sàn-án báńkì, bí ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n. Fa gbogbo rẹ̀ ya. Bí mo bá ni ọ́, báyìí ni màá ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lédè Gẹ̀ẹ́sì tìrẹ:

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wà nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń kọ ẹ̀yáwó àgbẹ̀. Láti 2019, ẹ̀gbẹ́ kejì tábìlì náà ni mo wà. Àwọn àgbẹ̀ tí báńkì mi sọ pé wọn kò ní ohun tí wọ́n lè fi dúró, mo ń rí wọn lọ́dọọdún tí wọ́n ń fi igi kájú dúró lọ́dọ̀ oníṣòwò, tí wọ́n sì ń san án pé. Mo fẹ́ mọ ohun tí oníṣòwò yẹn mọ̀, tí báńkì kò mọ̀."

Ṣé o rí i? Iṣẹ́ méjèèjì ti di ẹyọ kan. Ọmọ tó jáde láti másítà wọ PhD tààrà kò lè kọ ìpínrọ̀ yẹn, bó ti wù kí máàkì rẹ̀ pọ̀ tó. Ìbéèrè náà sì tóbi ju ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú wa lọ: ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó tó so mọ́ ọjà, ìdí tí owó báńkì kì í fi í dé oko, ohun tí wọ́n ń wádìí láti India títí dé Ghana ni.

Ohun kan tún wà tí o mẹ́nu bà kọjá lọ bí ẹni tí kò mọ iye rẹ̀. O ní ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ láti 2019: ta ló yá èló, ọjọ́ wo, lọ́wọ́ ta, ìgbà wo ló san án. Àbúrò mi, àwọn ènìyàn ń fi owó ńlá àti ọdún méjì wá irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́ sínú àbá ìwádìí rẹ. Ṣùgbọ́n ìwé ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe tìrẹ. Kí o tó fi ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ han ẹnikẹ́ni, gbé e lọ sí ìpàdé, ṣàlàyé ohun tí o fẹ́ fi ṣe, sọ fún wọn pé orúkọ ẹnikẹ́ni kò ní jáde, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú mínììtì. Ìgbìmọ̀ tó ń wo ìlànà ìwádìí ní yunifásítì á béèrè rẹ̀, ìyẹn dájú. Àmọ́ ká tiẹ̀ ní wọn ò béèrè, o ṣì máa padà wá bá àwọn ènìyàn wọ̀nyí jẹun níbi ìnáwó.

Lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n ni ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń kùnà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ "Dear Sir/Ma" sí ogójì ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Wá ènìyàn mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń kọ nípa ẹ̀yáwó àgbẹ̀, ka àpilẹ̀kọ méjì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ láìpẹ́, kí o wá kọ lẹ́tà tí kò ju ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Kókó ibẹ̀: mo ka ohun tí ẹ sọ nípa báyìí, ohun tí mò ń rí ní ìwọ̀-oòrùn Kogi bá a mu níbí, ó takò ó níbí, ohun tí mo fẹ́ wádìí nìyí, ṣé ẹ ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé owó wà lórí iṣẹ́ kan, tàbí ẹ̀ ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti wá DAAD? So CV olójú ewé méjì àti àbá olójú ewé méjì mọ́ ọn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ìdáhùn, rán an létí lẹ́ẹ̀kan péré. Ènìyàn 27 ni mo kọ̀wé sí nígbà tèmi. Mọ́kàndínlógún kò fèsì rárá, márùn-ún ní kò sí owó, méjì ní kí n wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹnì kan ló kù, òun ló sì fi ìpolówó èlùbọ́ yẹn ránṣẹ́ sí mi.

Àwọn tí yóò jẹ́rìí fún ọ: olùkọ́ másítà rẹ ni àkọ́kọ́. Bó bá ní kí o kọ lẹ́tà náà fúnra rẹ kí òun wá fọwọ́ sí i, bí wọ́n ṣe sábà ń ṣe nílé, bẹ̀ ẹ́ kó fi ohun méjì tí òun fúnra rẹ̀ rántí nípa rẹ kún un. Kó sì fi í ránṣẹ́ láti ímeèlì yunifásítì. Ti Gmail máa ń mú kí wọ́n fura. Ọ̀gá rẹ ní báńkì lè jẹ́ ẹnì kejì, bó bá lè sọ pé o máa ń bi òun ní ìbéèrè tí fọ́ọ̀mù kò bèèrè. Ní ti tránsíkíríìpù, bẹ̀rẹ̀ lónìí. Oṣù méje ni tèmi fi wà lọ́nà, ọ̀sẹ̀ tí mo sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì náà fúnra mi ló tó jáde. Ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ béèrè bóyá lẹ́tà pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ tó. Níbi púpọ̀, ó tó.

Bí wọ́n bá pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, má gbára lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé. Lọ sùn sí Kábà tàbí Lọ́kọ́ja lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, gbé pawa bánkì méjì dání.

Ejẹ́ǹtì yẹn: kò sí sikọ́láṣíìpù PhD gidi tí ejẹ́ǹtì lè gbà fún ọ, torí ìwọ ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu. Kọ̀wé sí i, dárúkọ iye tó gbà àti ọjọ́ tó gbà á, sọ ọjọ́ tí o fẹ́ kó dá a padà, kí o tọ́jú ìwé náà. Bó bá dá nǹkan kan padà, ó wúlò fún tránsíkíríìpù. Bí kò bá sì dá a padà, má fún un ní kọ́bọ̀ kan mọ́, bó ti wù kó ní ó ku ẹyọ ìgbésẹ̀ kan.

Kí òdòdó kájú tó yọ lọ́dún yìí, mo fẹ́ kí o wá ọ̀kan nínú àwọn bàbá tí o ti fọ́ọ̀mù wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ. O ní ọ̀kan ṣì wà láàyè, nísàlẹ̀ ọjà. Jókòó tì í. Bi í pé ká ní báńkì fún un lówó náà ní ọjọ́ yẹn, kí ni ì bá fi ṣe. Kọ ohun tó bá sọ, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, lédè Gbẹ̀dẹ̀, kí o tó tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Fi í ṣe ìpínrọ̀ kejì àbá rẹ, kí o wá fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Màá kà á.